Àpò Kejìlélógún

"Jáde! Mo ní kí o jáde nílé yìí! Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ lọ bá aṣẹ́wó, òun náà ni kó gbé ẹ lọ síbi tó o máa sùn!"

Bàtà kan fò jáde láti ojú fèrèsé, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èkejì tẹ̀lé e. Bàtà bọ́ọ̀lù ni, àwọn tó ní eyín lábẹ́ yẹn. Obìnrin tó ń jù wọ́n, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó dáadáa o! Òun fúnra rẹ̀ ló fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà yẹn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òun ló tún ń sọ ọ́ sínú eruku, kò sì mọ̀ pé ohun tó máa pa òun lẹ́kún ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ òun láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ méjèèjì sẹ́yìn. Aṣọ́lé ló jẹ́ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wọ nọ́ńbà kìíní. Gbámú ni àwọn èèyàn sọ ọ́, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá ti kó sí i lọ́wọ́, ó parí nìyẹn.

"Ìyá Ìbejì, èmi kọ́ ló wà nínú fọ́tò yẹn."

"Ta ni? Iwin ni? Àbí ojú mi ló fọ́ tí n ò fi mọ nọ́ńbà ọkọ mi mọ́?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, "o" ni, fàlàlà, lójú gbogbo àdúgbò! Àwọn ìbejì ti sá wọ abẹ́ tábìlì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ẹgbẹ́ yìí ní òfin kan tí kóòṣì wọn kì í fi ṣeré. Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo agbábọ́ọ̀lù á ti wọ àgọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Kò sí pé ẹnì kan ń jáde, kò sí ọtí, kò sí obìnrin. Ó ti lé ẹni méjì dànù lọ́dún yẹn nítorí ẹ̀. Àfi bí fọ́tò kan ṣe gba orí fóònù gbogbo èèyàn láàárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin gíga kan ló wà nínú ẹ̀, nílé ìgbafẹ́, létí omi ìwẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ya fọ́tò, obìnrin kan rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbẹ́nu lé e léjìká. Jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ló wọ̀, nọ́ńbà kìíní sì hàn gbàgàdà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kan péré sì ni jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Gbámú ní òun ti sùn láti aago méje, òun ò sì rí jákẹ́ẹ̀tì òun mọ́ nígbà tí òun jí. Wọ́n ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀? Ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń sun yàrá ni Bọ̀bọ́, aṣọ́lé kejì, nọ́ńbà kejìlélógún. Bọ̀bọ́ yìí, àbúrò Ìyá Ìbejì ni, ọmọ ìyá kan náà. Gbámú ló bẹ kóòṣì títí wọ́n fi gbà á. Gbámú ló ra ìbọ̀wọ́ tó kọ́kọ́ fi mú bọ́ọ̀lù láyé rẹ̀. Ilé Gbámú ló ń gbé, oúnjẹ Gbámú ló ń jẹ! Ó wá doríkodò níwájú kóòṣì bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Sà, ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jáde. Wọn ò gbọ́ ni."

Ẹ wo ẹnu! Bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni irọ́ ń ṣe lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn, kò ṣeé rí, ó kàn ń dùn ni.

Ni wọ́n bá lé Gbámú kúrò lágọ̀ọ́, wọ́n ní kó padà wá jẹ́jọ́ ní Ọjọ́bọ̀ níwájú alága ẹgbẹ́. Bọ̀bọ́ ni kóòṣì ní kó sìn ín délé. Òun náà ló dúró sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn nígbà tí bàtà ń fò.

"Àǹtí mi, ẹ fọwọ́ wọ́nú," ló ń wí. "Ọkùnrin lọkùnrin ń jẹ́. Ẹ fara dà á."

"Kí n fara da kí ni?" Ìyá Ìbejì ké. "Ẹ̀mí mi ni mo fi ń fọ aṣọ fún wọn níbẹ̀, òun wá ń gbé e lọ fún obìnrin kó fi nu ẹnu!"

Gbámú yíjú sí Bọ̀bọ́. "Wo ojú mi. Ṣé o rí mi kí n jáde?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí."

Gbámú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde sí títì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku ara wọn. "Ó dáa. Ìyá Ìbejì, fún àwọn ọmọ lóúnjẹ," ló sọ, ó sì lọ.

Ibo lẹ rò pé ó lọ? Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ni! Màmá arúgbó yẹn ò bi í ní ìbéèrè kankan títí tó fi jẹun tán. Nígbà tó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó gbé fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ tẹnu ọkọ ẹ kó o tó lé e?"

"Màámi, Bọ̀bọ́ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wa."

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni! Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì, mo sì mọ èyí tó máa ń jẹ ẹran inú ìkòkò tó máa ń ní ológbò ni."

"Ẹ̀yin náà ti gbè sẹ́yìn ẹ̀!" Ìyá Ìbejì pa fóònù mọ́ ìyá rẹ̀ létí. Ìwà burúkú! Ṣùgbọ́n owú ti bo obìnrin náà lójú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ iṣẹ́ ẹ̀ fún yín, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Alágbàfọ̀ ẹgbẹ́ ni Ìyá Ìbejì. Ní yàrá kan lábẹ́ ìjókòó òǹwòran ni ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ wà. Àwọ̀n ni wọ́n fi rán àpò ìdọ̀tí àwọn agbábọ́ọ̀lù, nọ́ńbà kálukú sì wà lára tiẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, kálukú á ki gbogbo aṣọ tó fi lo ọ̀sẹ̀ bọ inú àpò rẹ̀, á so ó lọ́rùn, á jù ú sínú agbọ̀n. Bí wọ́n bá ṣe so ó ni Ìyá Ìbejì ń fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sá a. Kì í tú u àfi ní Ọjọ́bọ̀ tó bá fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Nígbà kan rí, wọ́n ti jà débi ẹ̀jẹ̀ nítorí ìbọ̀sẹ̀, láti ìgbà náà, àpò kankan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú Ọjọ́bọ̀. Ìbàdí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà máa ń wà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó fọ gbogbo àpò àfi àpò kìíní. Ẹsẹ̀ ló fi ta ìyẹn sí kọ̀rọ̀. "Kí n fọwọ́ mi fọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ fún ẹ? Láéláé!"

Bọ̀bọ́ ló ṣọ́lé lọ́jọ́ Àìkú. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé sí i lára, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wà níwájú tí wọ́n gbá mẹ́rin wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdíje àṣekágbá. Àgbà ìyanu wá ni pé, bí wọ́n ṣe ń jó lórí pápá, Bọ̀bọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ.

"Àǹtí mi, ó ti rẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fún mi ní àpò mi, màá fọ̀ ọ́ fúnra mi."

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ó di Ọjọ́bọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ó tún dé, ó ní ìbọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun fẹ́ lò. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ní kí ó yá òun ní kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

"Bọ̀bọ́, òfin lòfin, bó o tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá mi. Lọ sinmi." Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó ní ẹ wo àbúrò tó ń ro ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tiẹ̀! Ó mà ṣe o.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tí ẹjọ́ bá lè dá Gbámú lẹ́bi, wọ́n á fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n lé torí obìnrin, ẹgbẹ́ wo ló máa gbà á? Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí alága pé yàrá ìfọṣọ ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà.

"Jákẹ́ẹ̀tì tó ní ó sọnù, àpò ẹ̀ ló wà," ló wí. "Ó fẹ́ kí n bá òun fọ àbàwọ́n kúrò lára ẹ̀ láìmọ̀. N ò fọ̀ ọ́. Ojú yín ni màá ti tú u!"

Wọ́n wá lóòótọ́: alága, kóòṣì, Gbámú pẹ̀lú ìyá ìyàwó rẹ̀ tó dì í lápá mú bí ọmọ. Bọ̀bọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, nọ́ńbà kejìlélógún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì gbé àpò kìíní lé tábìlì. Ó fi eyín tú okùn rẹ̀. Ó da gbogbo ẹ̀ síta: ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò pénpé, táwẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wù mẹ́ta. Ó gbọn àpò náà. Ó yí inú rẹ̀ síta.

Kò sí jákẹ́ẹ̀tì.

"Ó ti gbé e jù nù ni!" Bọ̀bọ́ sáré sọ. "Sà, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n máa mú àpò tèmi lọ, a fẹ́ gbára dì fún ọjọ́ Àìkú." Ọwọ́ rẹ̀ ti kan àpò kejìlélógún lórí àtẹ.

Ìyá Ìbejì wo ọwọ́ yẹn. Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú.

"Gbé e sílẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ò le mọ́.

"Kí ló dé? Ẹjọ́ tèmi là ń dá ni?"

"Tí aṣọ ẹ bá mọ́, kí lo ń bẹ̀rù?" ìyá wọn dá sí i láti ẹ̀yìn. "Tú u, ìwọ ọmọbìnrin yìí!"

Ó tú u. Jákẹ́ẹ̀tì kan ló kọ́kọ́ jáde, tó ti gbẹ, tó ti hunjọ. Jákẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn rí bákan náà tẹ́lẹ̀, àfi ẹ̀yìn. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Nọ́ńbà kìíní ni! Ní èjìká rẹ̀, pupa tí obìnrin ń kùn sẹ́nu ṣì wà níbẹ̀ rekete, ọṣẹ ò rí i mú.

Kóòṣì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bọ̀bọ́, kẹ̀yìn sí wa."

"Sà?"

"Mo ní kí o kẹ̀yìn sí wa!"

Ó yí padà. Kejìlélógún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èwo wá ni ti ẹnì kan tó ní jákẹ́ẹ̀tì méjì?

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń mú èèyàn! Ọmọkùnrin náà, tó ga bíi Gbámú, jí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ìṣó, ó wọ̀ ọ́ lọ ṣe fàájì, ó wọlé wá pẹ̀lú oorun lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń kígbe pé ẹ kó àpò wá, ó ki gbogbo ohun tó bọ́ sílẹ̀ bọ inú àpò tirẹ̀, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo Sátidé fún ọdún mẹ́ta. Orí ló pète, ọwọ́ tó ti mọ́ra ló tú u fó.

"Ẹ̀gbọ́n ló lọ fi síbẹ̀!" ó ké. "Wọ́n fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́!"

"Bọ̀bọ́!" Ìyá Ìbejì di í lọ́rùn aṣọ mú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wá! Kọ́kọ́rọ́ lo tọrọ lánàá! Kí lo ń wá nínú aṣọ tí mo ti fọ̀? Dá mi lóhùn! Mo lé ọkọ mi torí ẹ! Dá mi lóhùn!"

Ni ojú Bọ̀bọ́ bá yí padà. "Èmi ni! Ó dáa, èmi ni! Ọdún mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì! Ibi tí mo bá dé, 'àbúrò ìyàwó Gbámú' ni. Ṣé n ò lórúkọ ni? Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi yà mí látẹ̀yìn, mo ní kó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n lé e kí èmi náà lè rí ibi dúró!"

"Ẹni tó bá ẹ wá ibi dúró lo fẹ́ tì ṣubú?" ìyá rẹ̀ bi í. Omi bọ́ lójú arúgbó náà. "Ìwọ ọmọ tí mo bí?"

Alága ò pariwo. Ìwé àdéhùn Gbámú tó mú wá, ó dá a padà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí Bọ̀bọ́ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí òun tún rí i ní pápá náà mọ́. Ó bọ́ ọ. Ó jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó sìn ín.

Ìyá Ìbejì ti kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ dárí jì mí, ẹ má wo tèmi!"

Ẹ gbọ́, "ẹ" ti padà.

Gbámú gbé e dìde. "Mo gbọ́ ẹ," ló wí. "Mo sì ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà sọ̀rọ̀, o ò gbọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí ju bàtà lọ." Ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ sílé màmá náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìdíje àṣekágbá, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí wọ́n gbá sí Gbámú, gbámú ló gbá a mú, ife sì di tiwọn. Ìyá Ìbejì ò lè wò ó, yàrá ìfọṣọ ló wà tó ti ń gbọ́ ariwo lókè orí rẹ̀, tó ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, ó gbé ẹrù ọkọ rẹ̀ karí, ó gba títì yẹn kan náà kọjá lábẹ́ fèrèsé àwọn tó gbọ́ èébú rẹ̀, ó rìn dé ilé ìyá rẹ̀. Kò bojú, kí gbogbo wọn lè rí i pé òun ló ṣẹ̀. Gbámú jáde, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, òun ló sì gbé e padà sílé tiwọn.

Ní ti Bọ̀bọ́, ẹgbẹ́ kankan ò gbà á. Ẹnu géètì ilé ìgbafẹ́ yẹn gan-an ló ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ báyìí. Wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀, kò ní nọ́ńbà.

Kóòṣì fẹ́ fún Gbámú ní jákẹ́ẹ̀tì tuntun, Gbámú ní rárá, èyí ṣì lágbára. Pupa èjìká yẹn ò sì kúrò. Ìyá Ìbejì ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi omi gbígbóná, ó ti fi iyọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá ń lọ̀ ọ́, tó bá ti kan ibẹ̀, á dá áyọ́ọ̀nù dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ká a, á gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀, á sì bi í pé báwo ni ìdánrawò òní, á jókòó, á gbọ́ ọ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.