Àmì Ìdí Agolo

"Ohun tó wà nínú ìwé yìí gan-an ni kí o kà, nne. Má fi nǹkan kan kún un." Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ na ìwé náà sí Fàdìlàt. "Bí o bá kà á dáadáa, ìwọ ni olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin."

Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni, fún ayẹyẹ ogójì ọdún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá olóyè kan ló dá kọ́ ilé àkọ́kọ́. Olóyè náà sì ti fẹ́ wó ilé ọ̀hún, kí ó fi ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀. Inú bí Fàdìlàt. Onitsha ni wọ́n bí i sí, Ígbò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó kọ́ ilé náà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń ta aṣọ ní ọjà Bridge Head.

Màmá pòṣé. "Bàbá ta ni? Àwa òbí la fi orí ru yanrìn láti etí Odò Ọya. Ará ìlú kọ̀ọ̀kan ló mọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, tó sì fi àmì sí i kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ. Àwa Yorùbá kò ní àmì, ni mo bá fi ìdí agolo mílíìkì tẹ tiwa. Lọ wo ẹ̀yìn ilé náà, wọn kò rẹ́ ẹ dòní."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní fún mi nípò yẹn mọ́ o, Màmá."

"Ẹnu rẹ ni, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ ohun tí wàá fi í sọ."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Fàdìlàt dìde níwájú olóyè, ó ká ìwé náà sí méjì. Ó fi Ígbò sọ ọ́ ketekete: "Irọ́ ló wà nínú èyí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Ìyá arúgbó kan láti Nkpor rí àmì ìlú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn òbí yarí pé ẹnikẹ́ni kò ní wó ilé náà. Olóyè kò dúró jẹun kó tó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ olórí. Wọ́n ní kí Fàdìlàt lọ gé koríko ẹ̀yìn ilé náà.

"Ṣé kò dùn ọ́?" Hàmdálàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, béèrè.

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá tìtorí ipò ta iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi àgbà, kí ni mo fẹ́ fi ipò náà ṣe?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Fàdìlàt gbé àdá, ó gé koríko náà kanlẹ̀, kí gbogbo àmì ibẹ̀ lè hàn dáadáa.