Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Ọ̀gá Ojú-Ewé-Kìíní Fẹ́ Gbà

Bàbá Aago ti nu gbogbo aago tó wà lára ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Oníbàárà kan ṣoṣo kò tíì wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Tábìlì iṣẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé, fìtílà ọlọ́rùn gígùn sì tẹrí ba lé e lórí. Àpótí onígíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí àwọn aago ọwọ́ tí ara wọn ti yá ń dúró de àwọn tó ni wọ́n. Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin Bàbá tó kéré jù, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ fóònù.

"Fóònù yẹn á gbé ẹ mì lọ́jọ́ kan," ni bàbá rẹ̀ sọ.

"Bàbá, iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ tèmi? Ta ló ń tún aago ṣe nínú fóònù?"

"Ẹ ṣáà ní sùúrù. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa wá èèyàn tó máa bá yín to àwọn oníbàárà sórí ìlà ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá sọ fún un pé bí iṣẹ́ bá ń lọ báyìí, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Àbíkẹ́yìn sinmi. Òun ló mú un forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méje kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn kò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Ojú-Ewé-Kìíní ni gbogbo wọn ń pè é, torí ìlérí rẹ̀ nìyẹn: bí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí fóònù, ìwọ ló máa kọ́kọ́ rí, ní ojú ewé kìíní, lókè téńté.

Ṣọ́ọ̀bù náà ti ní ojú ewé tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń jáde pẹ̀lú máàpù tí èèyàn bá wá orúkọ ibẹ̀. Ìyá Àbíkẹ́yìn ló ṣí i nígbà ayé rẹ̀. Òun ló ya fọ́tò Bàbá níbi tó ti fi awò kékeré há ojú kan, tó sì di ojú kejì bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Bí oníbàárà bá kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, òun ló ń dáhùn. Ó ti pé ọdún méjì tó ti lọ, àwọn ìdáhùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, Bàbá á ní, "Ka ọ̀kan fún mi." Àbíkẹ́yìn á sì kà á:

"'Ẹ ṣé o, mà. Ọkọ mi ní aago yín ti gbádùn. Àmọ́ ẹ má gbé e wọ balùwẹ̀ mọ́ o, kì í ṣe ẹja.'"

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin kan fi ìgúnpá ṣílẹ̀kùn, ó gbá nǹkan ńlá kan tó fi aṣọ wé mọ́ àyà.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ gbà mí, ọwọ́ mi ti ń já."

Àbíkẹ́yìn sáré gbà á. Aago ògiri ni.

"Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkàwé tó wà ní òpópónà kejì," ni obìnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Láti ọjọ́ Ajé ni aago wa ti dúró sí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń kàwé ò lọlé mọ́. Bí mo bá ní ká ti ilẹ̀kùn, wọ́n á nawọ́ sí aago."

Bàbá tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. "Kò kú, Ìyá Oníwèé. Eruku ló fún un lọ́rùn."

"Ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ara í fi pa mọ́ o! Mo wá yín lórí fóònù títí, mi ò rí yín. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ló júwe ibí fún mi."

Àbíkẹ́yìn dìde. "Kí lẹ kọ nígbà tí ẹ ń wá wa, mà?"

"Bó ṣe wà lẹ́nu mi ni mo kọ ọ́: 'Ta ló lè bá mi tún aago ògiri tó dúró ṣe nítòsí?' Àwọn tó ń ta aago tuntun ló jáde."

"Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ojú ewé wa kọ ni! Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ló fún mi." Ó gbé fóònù sókè, ó kà á: "'Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ètò ìwọ̀n àkókò. Aago, aago, aago, aago tó dára, aago tó dára jù lágbàáyé.'"

Bàbá gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi? Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní títì, mi ò ní bojú wẹ̀yìn."

Ìyá Oníwèé rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí ojú ewé náà lórí fóònù tirẹ̀. Bó ṣe ń kà á, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé: 'Ẹran yín rọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀dì yín sì mọ́ tónítóní.'"

"Ẹran wo?"

"Ẹlòmíràn ní: 'Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ jáde nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ yín.'"

Bàbá bẹ abẹ́ tábìlì wò, àfi bíi pé omi lè wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àbíkẹ́yìn ti fọwọ́ bojú. "Ìyìn ogójì ni mo rà. Ọ̀gá ní bí ìyìn bá ṣe pọ̀ tó la ṣe máa ga tó. Mo tún ra ẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn."

"Ẹgbẹ̀rún! Níbo ni wọ́n wà?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn."

"Odidi ẹgbẹ̀rún èèyàn, aago ẹnì kankan ò bàjẹ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù Àbíkẹ́yìn ti dún. Ọ̀gá Ojú-Ewé-Kìíní ni. Ó gbé e sí ibi tí gbogbo wọn ti lè gbọ́.

"Oní-aago! Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kẹfà ti yá. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù ẹ báyìí. Tó bá ti dé, kà á fún mi kíá."

"Kí ni nọ́ńbà yẹn wà fún, Ọ̀gá?"

"Òun ló máa sọ mí di olórí ojú ewé yín, kí n lè máa tún un ṣe látọ̀dọ̀ mi. Màá kọ́kọ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́. Wọ́n ti gbó jù, àwọn ló ń fà yín sẹ́yìn."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí aago.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo?" ló bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

Àbíkẹ́yìn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun ni. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà náà ti dé.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló máa lò o," ni Ọ̀gá wí. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ti ka tiwọn. Àbí o fẹ́ kẹ́yìn ni?"

Àbíkẹ́yìn wo ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé láti àárọ̀ àfi Ìyá Oníwèé. Ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, tí mi ò bá kà á, ẹ máa ti ilẹ̀kùn. Tí mo bá sì kà á, Màámi..."

Ìyá Oníwèé fọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ mi, télọ̀ mélòó ló wà nínú kíláàsì yín?"

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Télọ̀? Wọ́n tó mọ́kànlá, mà."

"Ìlú kan náà?"

"Ìlú yìí náà ni."

Ìyá Oníwèé sún mọ́ fóònù. "Ẹ ǹlẹ́ o, Ọ̀gá. Àga kan ṣoṣo ló wà lókè téńté. Èwo nínú àwọn télọ̀ mọ́kànlá yẹn ló máa jókòó lé e?"

Ọ̀gá ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" Kí wọ́n tó dá a lóhùn, ó ti pa fóònù.

Bàbá gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì.

"Wá," ni Bàbá wí. Àbíkẹ́yìn sún mọ́ ọn bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá fọ́ nǹkan. "Ṣé torí kí n má ti ilẹ̀kùn lo ṣe ṣe gbogbo eléyìí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò bá ẹ jà. Ọmọ tó ń sáré nítorí bàbá ẹ̀, bó bá tiẹ̀ ṣìnà, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Bí ilẹ̀kùn yìí bá máa tì, kó tì. Mo lè rí ilẹ̀kùn mìíràn. Ohùn ìyá ẹ, mi ò ní òmíràn."

Ọmọ náà sunkún díẹ̀, bàbá náà sì ń ṣe bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Ìyá Oníwèé ń wo òde títí wọ́n fi ṣe tán.

Nígbà náà ló fa àga, ó jókòó. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ló máa ń kọ́ àwọn aládùúgbò ní irú nǹkan báyìí ní ilé ìkàwé, ọ̀fẹ́ sì ni.

"Kò sẹ́ni tó lè ta ipò kìíní fún yín," ló wí. "Ẹni tó bá sanwó ìpolówó, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni. Ní ti àwọn yòókù, ẹ̀rọ ló ń wò wọ́n: ọ̀rọ̀ ta ló bá ìbéèrè mu, ta ló wà nítòsí, ta ni àwọn èèyàn gidi ń jẹ́rìí sí. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Tó bá rí i pé wọ́n ń yin ẹran níbi tí wọ́n ti ń tún aago ṣe, ó lè ti gbogbo ojú ewé náà pa."

"Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Màámi?"

"Pẹ̀lú ohun gbogbo. Torí náà, òní la máa fi ẹjọ́ ìyìn èké wọ̀nyẹn sun, ká ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé yín padà, èyí tí ẹ fi ń ṣí ojú ewé náà, kí ẹ sì wò ó bóyá àlejò kankan ti wà nínú ilé."

Wọ́n ṣe é. Kò sí àlejò; nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni ì bá gbé e wọlé.

"Ó wá ku ọ̀rọ̀ 'ọ̀jọ̀gbọ́n' yìí. Bàbá, bí oníbàárà bá wọlé, kí ló máa ń sọ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "'Bàbá, aago mi ti kú.' 'Ó ń sáré ju ayé lọ.' 'Okùn ẹ̀ já.' Àti àwọn tó máa ń ní, 'Ọmọ mi ló jù ú sómi,' nígbà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni."

"Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́nu wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kọ sínú fóònù."

Àbíkẹ́yìn fa ìwé yọ. Ojú rẹ̀ ti ń tàn bí ẹni tó rí ibi tí okùn ti dijú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ó ti tún aago ìṣílẹ̀kùn kọ, ó sì ti fi ọwọ́ Bàbá ṣe fídíò oníṣẹ́jú kan níbi tó ti ń gbá eruku nínú aago ilé ìkàwé. Kò sí orin níbẹ̀. Ọwọ́ ṣá, àti Bàbá tó ń kùn sí eruku.

Èèyàn mọ́kàndínlógójì ló wò ó. Mẹ́ta nínú wọn gbé aago wá lọ́sẹ̀ náà.

Ìyìn èké kò kúrò lọ́jọ́ kan. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sì dé ipò kìíní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá wá ẹni tó ń tún aago ògiri ṣe ládùúgbò yẹn á rí i ní ìkẹta. "Ìkẹta náà dùn ún jókòó sí," ni Bàbá wí. Kò tún sọ̀rọ̀ àtikó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan kọ ọ́ sí ojú ewé náà pé aago tí Bàbá tún ṣe fún òun ń fi ìṣẹ́jú méjì sáré. Àbíkẹ́yìn bèèrè bóyá kí àwọn ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Rárá o. Kọ ohun tí mo bá sọ." Bàbá wúkọ́, ó tún ara mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. "'Ẹ̀bi mi ni. Ẹ gbé e padà wá, màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ dá a dúró kó tó sáré dé ọ̀la nígbà tí àwa ṣì wà ní òní.'"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá dá oníbàárà lóhùn níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sójú ewé kan náà pẹ̀lú ti ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Ó dára kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèlérí ipò kìíní fún yín, ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló ti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ má ra ìyìn, ẹ má ra ọmọlẹ́yìn. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èdè tí oníbàárà yín ń sọ ni kí ẹ fi kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àkókò tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín hàn wọ́n, kí ẹ sì bẹ oníbàárà gidi pé kó sọ ohun tó rí. Bó bá ráhùn, ẹ dá a lóhùn.

Nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó kánjú tó. Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lóòótọ́ á jókòó tì yín, á sì jẹ́ kí ọwọ́ yín wà lórí fóònù yín.