Ìwé Ìrònúpìwàdà Pelegi

Omi òkun ti fà sẹ́yìn, iyanrìn sì le gbagidi, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Pelegi kọ́kọ́ rí Kesia. Ọmọbìnrin náà jókòó lórí abo ẹṣin pupa kan, agbọ̀n ẹyin wà lápá rẹ̀, ẹṣin náà sì ń sáré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì á gbéra pọ̀, tòsì méjèèjì á tẹ̀ lé e, bí ẹní ń mi jòjòló. Ẹyin kan kò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹṣin wa ṣe ń rìn ní Naragánsẹ́tì, létí òkun Amẹ́ríkà, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé wa lórí. Mi ò tún rí irú wọn mọ́ níbi tí mo darúgbó sí yìí.

Ọgbà òkúta ni Pelegi ń mọ. Ó gbàgbé òkúta tó gbé dání.

Kò lẹ́nìkankan. Àrùn ọ̀nà ọ̀fun ti kó bàbá, ìyá àti àbúrò rẹ̀ lọ láàrin oṣù kan. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni ilé kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọ̀, àti abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Eérú. Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun tí ń kó ẹṣin lọ sí erékùṣù àwọn oko ìrèké ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Pelegi ò ta tirẹ̀. Ẹṣin náà nìkan ló rí bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Odidi ọdún kan ló fi ń rí Kesia nílé ìpàdé ìjọ wa, ìjọ Àwọn Ọ̀rẹ́: obìnrin lápá kan, ọkùnrin lápá kejì, gbogbo wa dákẹ́, à ń retí Ẹ̀mí. Kò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọlọ́rọ̀ gbé ife fàdákà kalẹ̀ fún eré ẹṣin lórí iyanrìn. Èèwọ̀ ìjọ wa ni, Pelegi sì mọ̀. Ó lọ síbẹ̀, Eérú sì ta gbogbo wọn yọ.

Bó ti ń bọ̀, Kesia jáde láti ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn, ó gbé korobá omi síwájú ẹṣin.

"Ẹṣin ni mo gbé omi fún," ni ó wí. "Ìwọ, wàá dúró dìgbà tó bá mu tán."

"Mo ti dúró fún ọdún kan. Ó ti mọ́ mi lára."

"O lẹ́nu, àbí? Mo ti rò pé ẹṣin yìí ló ń bá ọ fèsì."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn létí òkun. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, Pelegi lọ bá Jeremáyà, bàbá Kesia, tó jẹ́ alàgbà ìjọ, pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Jeremáyà kò bínú. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó ní ọmọ òun ò lè fẹ́ ẹni tó sá eré ẹṣin, àfi kí olúwarẹ̀ kọ ìwé ìrònúpìwàdà, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ. A mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: mo sá eré, mo kábàámọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gbà mí padà. Ìlà mẹ́ta péré.

"Jeremáyà," ni Pelegi wí, torí láàrin wa a kì í fi ọlá pe ẹnikẹ́ni, ọmọdé ń fi "ìwọ" bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àfojúdi, "o mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ purọ́. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní mo kábàámọ̀ rẹ̀, irọ́ ni."

"Nígbà náà, jókòó sílé rẹ," Jeremáyà dá a lóhùn. "Kesia á jókòó sí tiwa."

Òtútù ọdún náà gùn. Àwọn kan ní agídí ló ń yọ Pelegi lẹ́nu, kí ni ìlà mẹ́ta? Òun a máa bọ́ Eérú, a máa dá ẹ̀kọ àgbàdo rẹ̀ jẹ, a máa wo èéfín ilé Jeremáyà lódìkejì adágún. Nílé ìpàdé, Kesia ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti Ẹ̀mí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Kesia ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rìn lọ sí ọgbà ẹṣin Pelegi ní ọ̀sán gangan, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó máa wò ó.

"Olórí kunkun mi," ni ó wí, "mi ò bẹ̀ ọ́ kí o purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ọjọ́ náà ló dára pátá? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń dùn ọ́?"

Pelegi fọwọ́ lé ọrùn Eérú.

"Mo nà án," ni ó wí. "Nígbà tó kù díẹ̀ ká dópin. Bàbá mi tọ́ Eérú dàgbà láìfi pàṣán kàn án rí. Mo rí fìlà funfun rẹ lẹ́yìn òkìtì, mo sì nà án kí o lè rí i pé mo borí. Ó yíjú wò mí, Kesia. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

"Kọ ìyẹn," ni Kesia wí.

Wọ́n ka ìwé náà ní ìpàdé oṣù kẹrin. Pelegi kò sọ níbẹ̀ pé òun kábàámọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun fi ìgbéraga na ẹranko tó fọkàn tán òun, òun kò sì ní gùn ún sáré fún ife ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí akọ̀wé kà á tán, àgbà kan ní ìwé náà ò pé. Jeremáyà dìde.

"Mo ti gbọ́ irú ìwé yìí fún ọgbọ̀n ọdún," ni ó wí. "Èyí ni àkọ́kọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ṣe." Ó jókòó.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà, bí a ti ń ṣe é, láìsí àlùfáà, láìsí òrùka. Wọ́n dìde nínú ìdákẹ́jẹ́, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, Pelegi sì ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ ọkọ olóòótọ́ títí ikú yóò fi yà wọ́n. Kesia náà ṣe ìlérí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ ìwé ìgbéyàwó sórí tábìlì kí gbogbo wa fọwọ́ sí i, ẹbí kálukú lábẹ́ orúkọ ẹni tirẹ̀, àwa yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá, orúkọ wọn kún abẹ́ ti Kesia. Abẹ́ ti Pelegi funfun báláú.

Jeremáyà ló kù. Ó ti ki gègé ìkọ̀wé bọ tàdáwà. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó sún ọwọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí abẹ́ ti Pelegi.