Ilé Kẹtàdínláàádọ́ta

"Kọ ọ́, Olúrántí. Ìwọ ni ìkọ̀wé rẹ dára jù nínú wa."

Ìkrìmà ló ń sọ̀rọ̀. Ó na ìdì fọ́ọ̀mù kan sí i bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n jókòó sí, àwọn mẹ́ta péré: Ìkrìmà tó jẹ́ olórí wọn, Wasila ọ̀rẹ́ Olúrántí, àti Olúrántí fúnra rẹ̀. Oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti sá wọ abẹ́ òrùlé.

"Kí ni kí n kọ?" Olúrántí béèrè. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

"Ohun tó bá sọ sí ọ lọ́kàn. Ogójì ilé la ti wọ̀, ó ku ogún. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: a gbin àgbàdo, a gbin iṣu, ibà ń ṣe wá. Ṣé ká tún lọ gbọ́ ọ nígbà ogún sí i ni?"

Wasila bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi ti wú bíi búrẹ́dì. Walahi, mi ò rìn mọ́."

"Àwọn èèyàn náà ńkọ́?"

"Àwọn wo? Ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò?" Ìkrìmà ṣe ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọmọ ológbò. "Àbí ìwọ nìkan ló fẹ́ lọ? Ìwọ tí o bá fẹ́ kí èèyàn, a ní láti tẹ́ etí sí ẹnu rẹ!"

Yunifásítì tí wọ́n ń lọ ní Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ní àṣà kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ ọdún kejì, ohun yòówù kó máa kọ́, wọn á kó o lọ sí abúlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ bá àwọn ará ibẹ̀ gbé. Wọn á máa wọ ojúlé dé ojúlé, wọn á máa béèrè iye ẹni tó ń gbé níbẹ̀, irú omi tí wọ́n ń mu, àti àìsàn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ tó bá kẹ́yìn, wọn á ka gbogbo ohun tí wọ́n rí jáde níwájú olóyè àti ará abúlé, kí olùkọ́ wọn tó fún wọn ní máàkì. Kí wọ́n má baà ka ilé kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olúrántí ló di ṣọ́ọ̀kì mú. Ọ̀sán gangan ni, àwọn èèyàn wà lóko; ó ń kọ, ó ń lọ, títí ó fi dé ọgọ́ta.

Ní ilé wọn ní Lamashegu, àdúgbò kan ní Tamale, ẹni tó jù ọ́ lọ ló ń sọ̀rọ̀, ìwọ á máa gbọ́. Bí ìyá àgbà rẹ̀, Yéjídé, ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ìkrìmà fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Fún ọdún méjì tí Olúrántí ti ń lọ sí yunifásítì, kò tíì nawọ́ sókè rí nínú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ náà tún wà nílẹ̀. Bọ̀wálé ń ta páàtì ọ̀kadà ní ọjà Aboabo. Lọ́jọ́ tí Olúrántí rí àyè wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ báńkì, bàbá náà dùn, ṣùgbọ́n ó nàka sí i. "Ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o tún ọdún kan ṣe, ìwé tán lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù ń retí rẹ." Kì í ṣe àwàdà. Olúwajùwọ́nlọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jùwọ́nlọ, tún ọdún kan ṣe ní gírámà. Inú ṣọ́ọ̀bù ló wà di òní, tó ń fọ ẹ̀ńjìnnì.

Olúrántí gba báírò. Nígbà tó dé orí ilé kẹtàdínláàádọ́ta, ó kọ ọ́ báyìí: *Baálé ilé: ọkùnrin, ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ le. Iye èèyàn: mẹ́fà. Omi mímu: omi ẹ̀rọ.* Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìkrìmà ti kó gbogbo fọ́ọ̀mù náà fún Dókítà Shamsiya, olùkọ́ wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹ́yìn wọn ní abúlé, Olúrántí ń gbá iwájú yàrá wọn nígbà tí obìnrin arúgbó kan dúró tì í. Garawa omi wà lórí rẹ̀.

"Dasiba, ọmọ mi."

Olúrántí kúnlẹ̀ gba ìkíni òwúrọ̀ náà. "Naa," ló dáhùn. Àárín àwọn ọmọ Dàgbáńbà ló dàgbà sí, ó sì gbọ́ Dàgbánì, èdè wọn, dáadáa.

"Àsmá'ù ni mí. Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ nǹkan funfun sára ilẹ̀kùn ọkọ mi?"

"Èmi ni, màmá."

"Mo mọ̀. Ọmọ-ọmọ mi rí ọ. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún o, pé àwọn ọmọléèwé yẹn ń padà bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi yọjú sóko, kí ẹ má baà dé kí ẹ má bá èèyàn nílé." Ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe. "Yàrá tí o kọ nǹkan sí yẹn, a kì í ṣí i. Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ mi kú, a ò sì tíì ṣe òkú rẹ̀ parí. Ó yẹ kí n bínú sí ọ, àmọ́ mo ní ọmọdé ni, kò mọ̀."

Báírò àná padà sí Olúrántí lọ́wọ́, bí ẹni pé kò tíì gbé e sílẹ̀. *Ọgọ́ta ọdún. Ara rẹ̀ le.* Ó gbójú sókè. Omi ń kán láti etí garawa náà. Ó pọ́n bí amọ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti pọn omi yìí?"

"Níbo ni à bá tún ti pọn ọ́n? Dáàmù tí màlúù ń mu náà ni." Àsmá'ù rẹ́rìn-ín. "Iwájú ni mo máa jókòó sí lónìí. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe máa pe ilé wa."

Olúrántí fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá àwọn yòókù.

"Ó ti kú," ló wí. "Ẹni tí mo kọ pé ara rẹ̀ le, ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Ìkrìmà gbẹ. "Ìwọ lo máa ka ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa. Tí o bá ka mẹ́rìndínláàádọ́ta tán, bọ́ sórí méjìdínláàádọ́ta. Sáré kà á."

"Fọ́ọ̀mù gan-an wà lọ́wọ́ Dókítà. Ó máa rí i."

"Kó o wá ṣe kí ni? Kó o jẹ́wọ́?" Ó súnmọ́ ọn. "Tí o bá yanu, òdo ni gbogbo wa máa gbà. Ìwọ lo sọ fún mi pé bàbá rẹ ń retí rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ọ̀rá ẹ̀ńjìnnì lo fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ fọ̀?"

Wasila di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Olúrántí, jọ̀ọ́, torí Ọlọ́run. Má pa wá."

Ìta ààfin olóyè ti kún kí oòrùn tó ga. Àwọn àgbà jókòó sórí awọ màlúù, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àsmá'ù wà níwájú lóòótọ́. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí itan. Dókítà Shamsiya jókòó sórí àga pẹ̀lú ìdì fọ́ọ̀mù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Olúrántí bá ṣe ń ka ilé kan ní Dàgbánì, ni òun náà ń ṣí ìwé kan.

Ogójì ilé àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ilé tí wọ́n bá dárúkọ, àwọn ará ibẹ̀ á mi orí. Nígbà tó dé orí ìkọkànlélógójì, kò sẹ́ni tó mi orí mọ́. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ó ka mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìkrìmà wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àsmá'ù na ọrùn. Ó fọwọ́ tọ́ ọmọdé tó wà lórí itan rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, gbọ́, ó kàn wá.

Olúrántí gbé ojú kúrò lára ìwé.

"Kí ló dé?" Dókítà Shamsiya béèrè. "Ilé kẹtàdínláàádọ́ta."

Ó rí ṣọ́ọ̀bù Aboabo, ó rí àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀.

"A ò wọ ilé yìí," ló wí, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ogún ilé ló wà tí a ò wọ̀. A jókòó sábẹ́ igi, a sì kọ ohun tó wù wá. Ti ilé kẹtàdínláàádọ́ta, èmi ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́. Irọ́ ni."

Ariwo sọ. Olóyè gbọ́wọ́ sókè, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Àsmá'ù kò pariwo, kò sì bú wọn. Ó kàn wo Olúrántí, ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìdí tí ẹ ò fi wá nìyẹn."

Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó kọjá lọ sílé.

Dókítà Shamsiya pa ìdì ìwé náà dé. "Òdo ni, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọdún kẹta, kó padà síbí nígbà ìsinmi, kó wọ ọgọ́ta ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, yóò tún ọdún ṣe." Ìkrìmà kọjá lára Olúrántí láì wò ó. "O ti jẹ́ kí ojú tì wá tán," ló sọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nílé ní Lamashegu, Bọ̀wálé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán lórí ìdúró. "Òdo," ló wí. "Ó parí náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ àti Jùwọ́nlọ ni ẹ jọ máa ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Tẹ́lẹ̀ ni, Olúrántí á ti ní "Ẹ ṣeun, Bàbá," á ti wọ yàrá lọ sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì ní kí n tún ọdún ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi."

"O ń dá mi lóhùn?"

"Bọ̀wálé, jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Yéjídé wí láti orí àga rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa dákẹ́ tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Mi ò kọ́ ọ pé kó máa dákẹ́ fún ẹni tó ń purọ́. Ó jọ pé n kò là á yé e tó."

Bàbá náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà títí. "Tí o bá dákẹ́ síbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀?"

"Èmi, sà. Àti ìyá yẹn."

Bọ̀wálé wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Ó wá ké sí ẹ̀yìnkùlé: "Jùwọ́nlọ! Lọ́jọ́ tí ìsinmi wọn bá bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa fi ọ̀kadà gbé àbúrò rẹ lọ sí abúlé yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré o!"

Wasila náà wá, ó ń kùn, ó ń rìn. Ìkrìmà kò wá. Ó tún ọdún náà ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé kẹtàdínláàádọ́ta ni Olúrántí kọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ó tọrọ gáfárà, ó fi aṣọ tútù nù ún kúrò, ó kọ òmíràn sára ògiri ìta. Àsmá'ù jẹ́ kó parí kó tó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí i.

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ wa pọ̀."

Nínú ogún ilé tí wọ́n kọ "omi ẹ̀rọ" sí lábẹ́ igi, mẹ́tàdínlógún ló ń mu omi dáàmù pẹ̀lú màlúù. Bí wọ́n bá fi ìwé àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kà á á rò pé abúlé náà kò nílò kànga. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Olúrántí gbádùn. Nígbà tí ìwé wọlé padà, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà Shamsiya, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, kí òun lọ kọ́ ètò ìlera ìlú. Bàbá rẹ̀ kùn fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun ń ka ilé kiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jù yín lọ, ẹ má sì torí ọ̀wọ̀ náà bá ẹnikẹ́ni kọ irọ́ sílẹ̀. Ohun tí yunifásítì fi kọ́ Olúrántí jù lọ kò sí nínú ìwé kankan: pé lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, èèyàn kan wà tó jókòó sílé, tí kò lọ sóko, tó ń retí kí ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ òun.