Aṣọ Tábìlì Tí Ṣàkàṣìkì Ní Òun Rán

"Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́! Mo ti rán aṣọ bo òkun rí. Òkun gidi o, kì í ṣe odò! Ojú oorun ni mo wà, ọwọ́ òsì nìkan ni mo sì lò. Maṣíìnì ń sáré débi pé ó ń bẹ̀ mí, ó ní, 'Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n mí.' Nígbà tí mo jí, àwọn ẹja ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní inú òkùnkùn ni àwọn wà. Ni mo bá bá wọn lu ihò kékeré sí i."

Ṣàkàṣìkì ló ń fọ́nnu báyẹn. Orí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ ló jókòó sí, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ọba tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ga jù ú lọ. Ohun kan ṣoṣo tó tíì rán parí láyé ni àpò ìrọ̀rí kan, àpò náà kò sì lẹ́nu, nítorí ibi gbogbo ló rán pa.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Jẹ́jẹ́, fi ọwọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹja wo ló wá bá yín sọ̀rọ̀?"

"Èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn."

"Ẹ̀yin méjèèjì á ti gbọ́ ara yín yé nìyẹn."

Ìyá wọn wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. Aránṣọ ni, inú pálọ̀ ilé náà ló sì sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán ti òkun kò ní kọ ti tábìlì."

Ó tú aṣọ onílà kan sílẹ̀, ìlà búlúù, ìlà funfun. Obìnrin tó ni ilé ìtura ìpẹ̀kun àdúgbò ló ń fẹ́ aṣọ tábìlì: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, tí wọ́n á tẹ́ sí àárín tábìlì ìjẹun, tí etí rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Kò fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aṣọ onílà lókè, òwú pẹlẹbẹ láàárín, aṣọ funfun lábẹ́, kí wọ́n sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ó nípọn.

"Ẹ gé onílà yìí ní ìdagẹ̀rẹ̀," ni ìyá wọn wí, "kí ìlà bá ìlà pàdé láàárín bí orí ọfà. Kí kálukú rán ọ̀kan. Ẹni tí oníbàárà bá mú tirẹ̀, òun ni maṣíìnì ńlá di tirẹ̀ láti òní lọ. Ẹnì kejì á máa lọ aṣọ, á sì máa ṣa òwú nílẹ̀."

Maṣíìnì ńlá! Ẹ̀bá fèrèsé ló wà, iná ló ń lò, bí wọ́n bá sì tan án, á máa kùn bí ológbò tó yó. Jẹ́jẹ́ ti ń ṣa òwú lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lórí àga rẹ̀. Kò béèrè rí. Ó kàn máa ń fọwọ́ pa á lára bó bá ń kọjá ni.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ to ìlà mọ́ ìlà, ó gún píìnì sí i títí aṣọ fi dà bí òòrẹ̀. Láti àárín ló ti bẹ̀rẹ̀ rírán, ó ń fi ọwọ́ lé aṣọ lọ sétí díẹ̀díẹ̀, kí ibi kankan má baà wú.

Ṣàkàṣìkì ní tirẹ̀ wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀, ó ní ẹ̀wù ọ̀gá nìyẹn. Ẹ̀wù náà gbòòrò débi pé bó bá jókòó, ìdajì rẹ̀ á tẹ́ sórí itan rẹ̀.

"Píìnì?" ló wí. "Ojú mi yìí ni píìnì!"

Etí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti apá ọ̀tún sá wá, ó ti apá òsì sá wá, gbogbo aṣọ bá sá lọ sáàárín, wọ́n kóra jọ síbẹ̀ bí ẹni ń ṣèpàdé. Nígbà tó máa parí, iṣẹ́ rẹ̀ ti wú bí ikùn ewúrẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù mì. Ìlà búlúù ń lọ sílé, ìlà funfun ń lọ sóko.

Ìyá rẹ̀ wò ó, kò bínú. "Ọkọ mi, tú u. Àárín ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àyè ṣì wà, wá kí n fi hàn ọ́."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Bí wọ́n ṣe ń rán an lókè òkun nìyí."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ti Jẹ́jẹ́. Gbogbo ìlà ló pàdé. Etí kan péré ló kù tí kò tíì ṣẹ́ rán. "Háà! Jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ mọ́ o! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣàkàṣìkì létí bí ata. Ìlara gba inú rẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ pọ́n débi pé bí iná bá lọ ní àdúgbò, èèyàn á fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàwé ìdánwò. 'Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ayé,' ló ń sọ nínú ọkàn rẹ̀. 'Èmi ni mo ga. Kí ló dé tó jẹ́ òun ni ìlà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Èmi ni kí n wá máa ṣa òwú lẹ́sẹ̀ àbúrò mi?'

Òjò ṣú. Ìyá wọn pe Jẹ́jẹ́ kí àwọn lọ kó aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ilé. Ó ku Ṣàkàṣìkì nìkan, òun àti iṣẹ́ àbúrò rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ní òun kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó tẹ́jú bí omi inú abọ́. Inú tún bí i. Kò mọ̀gbà tó fà á mọ́ra, tó jókòó ti maṣíìnì ńlá, tó sì tan iná sí i. Bí òun bá rán etí tó kù, ta ló máa sọ pé òun kọ́ ló rán gbogbo rẹ̀? Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó rí i pé aṣọ náà nípọn díẹ̀ sí i lójijì, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wò ó? Gàgàgàgà, ó parí. Láti orí ìjókòó rẹ̀ ló ti ju tirẹ̀ tó wú sórí àpótí ìjókòó Jẹ́jẹ́, ó sì gé òwú.

Bó ṣe gé e tán ni ìyá rẹ̀ àti Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, Ìyá Onílé-ìtura sì tẹ̀lé wọn.

"Ẹ káàbọ̀, mà!" Ṣàkàṣìkì kò dìde, ó gbé etí aṣọ tábìlì náà sókè. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! N kò mí rárá títí mo fi rán an tán. Maṣíìnì fẹ́ sunkún, mo ní kó fara dà á."

Oníbàárà fọwọ́ pa á. "Ó mà dára o! Ìlà yìí pàdé bí ẹni pé wọ́n jọ dájọ́."

Jẹ́jẹ́ rí aṣọ tó wú bí ewúrẹ́ olóyún lórí àpótí rẹ̀. Aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Màmá, tèmi nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é báyìí. Tèmi ni."

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ìlara!" Ṣàkàṣìkì mi orí bí àgbàlagbà. "Ìlara ló máa pa ọ́."

Oníbàárà wo èyí, ó wo tọ̀hún. "Ìyá Aránṣọ, ta ló rán an gan-an? Ẹni náà ni mo fẹ́ kó rán ti àwọn tábìlì mi yòókù."

Omi ti lé sójú Jẹ́jẹ́. Ìyá wọn kò pariwo. "Ọkọ mi, níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ rírán?"

"Etí ni, mà. Etí ni gbogbo akọni ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ dojú aṣọ náà dé. Ní abẹ́ rẹ̀, ní àárín gan-an, kókó òwú tí a fi bẹ̀rẹ̀ rírán tò síbẹ̀, wọ́n kéré bí ẹyin kòkòrò. Kò sí ìkankan létí. "Ẹni tó rán èyí ti àárín bẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n... wọ́n rìn ni, mà! Kókó maṣíìnì yìí lẹ́sẹ̀! Etí ni mo fi wọ́n sí, wọ́n ní àwọn ń lọ nasẹ̀."

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Gbé aṣọ náà fún àbúrò rẹ."

Ṣàkàṣìkì dìde. Aṣọ tábìlì dìde. Jẹ́jẹ́ fà á díẹ̀, ẹ̀wù bàbá ká sókè, ìdodo Ṣàkàṣìkì yọjú sí gbogbo wọn. Bó ṣe sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tábìlì ń tẹ̀lé e bí ajá olóòótọ́. Ó ti rán ẹ̀wù ọ̀gá mọ́ ọn ṣinṣin!

"Ẹ má fà á!" Jẹ́jẹ́ kígbe. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró, á ya!"

"Dúró kí n tú u," ni ìyá rẹ̀ wí, ó nawọ́ mú àlùmọ́gàjí.

Ta ló máa dúró? Ṣàkàṣìkì nawọ́ méjèèjì sókè, ó yọ́ jáde nínú ẹ̀wù náà bí ejò tó bọ́ awọ, ó sì dé ẹnu ọ̀nà ní ìhòòhò àyà.

"Jẹ́jẹ́, jókòó ti maṣíìnì ńlá," ló gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ ló ni ín. Rọra tú ẹ̀wù bàbá rẹ kúrò lára iṣẹ́ rẹ."

Ṣàkàṣìkì bojú wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ ti jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ nàka sí i.

"Ìwọ gbọ́! Èmi ní kí n kọ́ ọ, o ní rárá. Ẹni tó bá ń fi ìlara ránṣọ, ara rẹ̀ ni yóò rán mọ́ ọn! Padà wá ṣa òwú nílẹ̀!"

"Mò ń bọ̀, mà!" Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bẹ́ sínú rẹ̀. Láti kọ̀rọ̀ àdúgbò ni ohùn rẹ̀ ti dún kẹ́yìn: "Àwọn ẹja ló ránṣẹ́ pè mí! Wọ́n ní aṣọ òkun ti ya!"