Ẹ̀yìn Tí Kò Pọn Táyé

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa Táyé. Òun àti Kẹ́hìndé jọ sùn, ilẹ̀ mọ́, Kẹ́hìndé jí, Táyé kò jí. Kí wọ́n tó ti ibi ìsìnkú dé, gbogbo ayálégbé inú ilé náà ní Ladi-Lak ti mọ apànìyàn: Ìyá Yẹ̀kínì, ìyá bàbá ọmọ. Àjẹ́ ni.

Torí ìbejì yìí ni Yẹ̀kínì ṣe mú un wá sí Èkó láti Ìsẹ́yìn, lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ń lé òṣìṣẹ́ sílé, tí mílíìkì ọmọdé di góòlù. Àmọ́ ìyá yìí kò wẹ ọmọ, kò pọnmọ rí. Bí Serifat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá gbé Táyé fún un, á ní, "Gbé e kúrò o, ọmọ sanra báyìí, màá gé e jẹ." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Àwàdà ọjọ́un ti wá di ẹ̀rí.

Sabina, aládùúgbò yàrá wọn, fi tirẹ̀ kún un: bí ẹyẹ bá ti ké lórí páànù ní ìdájí, ìyá náà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò.

Ògiri ló ń wá. Ìbàdí rẹ̀ ti dà bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já; bí kò bá rí nǹkan dì mú, ilẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bọ́ ìyá àgbà tí kò lè pọnmọ, nínú ọ̀wọ́n yìí? Ó bá ń fi ìdí ńlá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ju àpótí ìwẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà bi í léèrè ìbàdí.

Serifat gbé Kẹ́hìndé jáde sí àgbàlá. Yẹ̀kínì dúró tì í, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Serifat ló sọ̀rọ̀:

"Màmá, bí ẹ kì í bá ṣe ẹlẹ́yẹ, ẹ pọ̀n ọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ palẹ̀ mọ́."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó gba ọmọ sẹ́yìn, ó so ọ̀já. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Kẹ́hìndé gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn. Ní àárín àgbàlá, níbi tí ògiri kò sí, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, ọmọ ni yóò tẹ̀ pa. Ó ju ara rẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu lu sìmẹ́ńtì, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi di ìdí ọmọ mú.

Kẹ́hìndé kò fara pa. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já, wọ́n rí àkísà tí ìyá fi di ìbàdí bí ẹrù, àti gbẹ́rẹ́ oògùn ara ríro, tuntun lórí àtijọ́. Sabina rọra wọlé lọ.

Serifat kúnlẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ìyá Yẹ̀kínì tu eyín kan sọ́wọ́. "Ta ló ń mú ìyá tí kò lẹ́yìn wá sí Èkó?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé mú.

"Serifat, ṣé bí Táyé náà ṣe wúwo tó nìyí?"