Ilé Ọ̀nà Alájue

Kí n tó sọ orúkọ mi fún obìnrin náà ló ti pè mí ní Ìyá Ibtisam. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ti oyún tó ti yọ síwájú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ibtisam. A ti ń retí yín." Mo dáhùn, mo sì rò pé Ìbùkún, tó júwe ilé náà fún mi, ló ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ìgbà tí mo wọlé tán ni mo rántí pé Ìbùkún kò mọ orúkọ ọmọ mi obìnrin. Ìyá Abdul ni gbogbo wọn ń pè mí níbi iṣẹ́.

Kúlúsúmù ni wọ́n sọ mí. Òṣogbo ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ọkọ mi, Nasrullah, káfíńtà ni. Orí òrùlé ilé tó ń kàn lọ́wọ́ ló ti jábọ́, tó sì kú, ó ti di ọdún márùn-ún. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún mi: Ibtisam, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, àti Abdulmujeeb, tí kò tíì mọ ojú bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá fi lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ta ilé tí a háyà. Ẹni tó rà á ní òun fẹ́ wó o, ó fún wa ní oṣù méjì péré. Mo wá ilé káàkiri Òṣogbo títí bàtà fi já mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, owó rẹ̀ ti ju agbára mi lọ. Ìbùkún ló ní kí n gbìyànjú Ẹdẹ. Òun náà ń gbé ibẹ̀, àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó ní ilé ò wọ́n níbẹ̀ bíi ti Òṣogbo, bí ènìyàn bá ti lè jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáá, kò ní pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ti rí ilé kan lójú ọ̀nà Alájue tí wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé àwọn ń wá ayálégbé.

Obìnrin tó gbà mí lálejò ń jẹ́ Naimat. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó mú mi yí ilé ká. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ló wà ní apá tí wọ́n fẹ́ fi háyà, kànga wà lẹ́yìnkùlé, oko ẹ̀gẹ́ sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Iye tí wọ́n dá lé e kéré débi pé mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọkọ òun ló ní kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Èkíní ni òórùn káfúrá. Ẹ mọ òórùn yẹn. Bí wọ́n bá wẹ òkú mùsùlùmí tán, òun ni wọ́n ń fi sí i lára. Gbogbo ilé náà ló gbà kan, títí dé orí aṣọ tí wọ́n sá sínú oòrùn. Naimat rí bí mo ṣe ń fa imú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ara ọkọ òun ni, bó ti wù kó fi ọṣẹ wẹ̀ tó, kì í lọ. Èkejì ni ilẹ̀kùn. Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń fá etí ilẹ̀kùn títí á fi rí roboto, láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ti há Ibtisam lọ́wọ́ nígbà tó ń rá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí ilẹ̀kùn yàrá kejì. Ó rí roboto, ó sì ń dán.

Mo béèrè ọkọ rẹ̀. Ó ní ó ti lọ síbi iṣẹ́, Àtàndá ló ń jẹ́, káfíńtà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti dé sí Ẹdẹ. Ó ní kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò sì sẹ́ni tó bá a wá síbi yìgì. Kì í dé Òṣogbo, bí iṣẹ́ ibẹ̀ ti wù kó mówó wá tó. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Òun ló sọ fún mi pé Ìyá Ibtisam ń bọ̀ láti Òṣogbo. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn. Mo rò pé ẹ jọ mọra ni."

Mo ní ó ṣeé ṣe. Mo ní màá padà wá fún un lésì.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, òtútù ń mú mi nínú ooru. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wẹ ọkọ mi. Èmi ni mo nu omi kúrò lójú rẹ̀. Mo ti gbọ́ nípa àkúdàáyà láti kékeré, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó kú, tó lọ dúró sí ìlú mìíràn, tó fẹ́yàwó, tó kọ́lé, títí di ọjọ́ tí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá rí i lójú kojú, á sì pòórá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo kà á sí.

Ní Sátidé, mo padà lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo gba àárín ẹ̀gẹ́ wọ ẹ̀yìn ilé náà. Mo gbọ́ ìró igi tí wọ́n ń fá kí n tó rí i. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́ bíi ti Nasrullah. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ìpàkọ́ yẹn, èmi ni mo máa ń fá a ní gbogbo Jímọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igi.

"Má wá síwájú," ó ní. Kò yíjú. "Ìyá Ibtisam, má jẹ́ kí n rí ojú rẹ."

Mo jókòó sórí ebè. Mo bi í pé ṣé òun ni. Ó béèrè àwọn ọmọ. Mo ní wọ́n wà, mo ní Abdulmujeeb ti wọ iléèwé. Èjìká rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé lé wa lórí. Mi ò bi í pé ẹnu ta ló ti gbọ́.

"Yàrá méjì yẹn, tiyín ni mo fi ṣe," ó ní. "Mú wọn wá. Wàá ti lọ sí Òṣogbo kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí o bá fi máa dé, màá ti wọlé ti ilẹ̀kùn. A lè máa gbé e bẹ́ẹ̀."

"Ibtisam ńkọ́? Ó mọ ojú yín."

Ó fi ọwọ́ nu èérún kúrò lórí igi.

"Kò sí ibòmíràn tí mo tún lè sá lọ," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi rẹ̀ padà. Mo rákòrò kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Bí mo bá ro ti ilé, àwọn ọmọ mi ni mò ń wò, bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá tí omi ń jò sí. Bí mo bá ro ti Naimat, oyún inú rẹ̀ ni mò ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Ibtisam bá ṣèèṣì yọ sí bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ wọ̀nyí á tún sọ bàbá nù, Naimat, ọmọ ọlọ́mọ, náà á sì di opó. Síbẹ̀, mi ò rílé.

Mo lọ bá ìyá ọkọ mi ní ìlú Ara. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn ti kọṣẹ́, orí ẹní ni wọ́n wà láti ọdún méjì. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí wọn létí. Mo rò pé wọ́n á ké. Wọn ò ké. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Apá ibo ni ilé náà wà, Kúlú?"

Mo júwe rẹ̀. Wọ́n ń tún un sọ lẹ́yìn mi, ibi yíyà kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ń kọ́ kéwú. Nígbà tó pé lẹ́nu wọn, wọ́n ní kí n má tíì kó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní òkú tó ń sá fún ojú kò sinmi, ẹni tó bá ń bá a gbé náà kò ní sinmi. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ní àárọ̀ Àtìní, wọ́n pè mí pé ìyá ti kú. A sin wọ́n kí wọ́n tó kírun àìlà, èmi àti àwọn ọmọ sì sun Ara. Nígbà tí a dé Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ra ilé ti ní kí wọ́n ṣí páànù orí rẹ̀. Òjò ti rọ̀ sórí ẹrù wa láti àná. Bẹ́ẹ̀dì, aṣọ iléèwé, àpò gàrí, gbogbo rẹ̀ lómi ti gbà. Mo dúró láàárín yàrá, mo ń wo ojú ọ̀run níbi tí àjà wà tẹ́lẹ̀. Mi ò tún rò ó mọ́.

Ní Àlàrùbá, mo kó ohun tó kù sínú ọkọ̀. Mo sọ fún Ibtisam pé bàbá onílé tí a ń lọ bá kì í fẹ́ kí ọmọdé wo òun, pé bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wọlé, kó dojú bolẹ̀. Ọmọ náà ní òun gbọ́. Kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

A bá Naimat ní ìjókòó sórí èérún igi tí ọkọ rẹ̀ fá sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo ní kí àwọn ọmọ dúró nínú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwojú mi.

Ó ní lánàá, ní àsìkò àìlà, ìyá arúgbó kan gba inú oko yọ. Aṣọ funfun tí kò ní ojú rírán ló ró mọ́ra. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ò sí lẹ́sẹ̀ ìyá náà. Ó kọ àbàjà, ihò yẹtí rẹ̀ ti apá òsì sì ti ya já.

Etí òsì ìyá ọkọ mi ya. Èmi ni mo fi aṣọ funfun bo etí náà ní Àtìní.

"Ó ní, 'Nasru, ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé,'" Naimat sọ. "Mo ní màmá, ẹ ti ṣi ilé, Àtàndá lọkọ mi ń jẹ́. Kò wò mí. Ọkọ mi gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e."

Ó ní òun sáré tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà oko náà gùn gbọnrangandan, kò síbi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí, ṣùgbọ́n òun ò rí ẹnì kankan. Ipasẹ̀ ọkọ òun nìkan ló wà nínú ẹrẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ipasẹ̀ náà ń kéré sí i. Ó di ti ọmọ iléèwé, ó di ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ lásán.

"Ẹ mọ̀ wọ́n," ó ní. "Ilé wo ni wọ́n lọ?"

Mo jókòó tì í, mo sọ fún un, láti ọjọ́ òrùlé títí dé ọjọ́ Ara. Kò lọgun. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀.

"Èyí tó wà níbí ńkọ́, ọmọ ta ni?"

Mo ní ọmọ wa ni. A jọ já ẹrù náà sílẹ̀.

Oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́jọ nígbà yẹn. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti jọ ń gbé. Mò ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mò ń wọ kẹ̀kẹ́ dé Òkè Gàdá, mò ń wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Ikọ́ àwọn ọmọ ti lọ. Naimat ń sè fún wọn, ó ń fọ aṣọ wọn, ó ń pè mí ní ìyálé. Kò tíì bímọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ní bóyá ó ṣi oṣù kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo sìn ín lọ síbi àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì gbé irin tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e níkùn. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó sún un síbí, ó sún un sọ́hùn-ún, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó ní kí n lọ gba káàdì wá níta. Mi ò tíì kọjá ẹnu ilẹ̀kùn tán tí mo fi gbọ́ ọkàn náà lẹ́yìn mi, tó ń sáré kíkankíkan. Mo padà wọlé. Ó dákẹ́. Mo fà sẹ́yìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń gbá ẹ̀rọ rẹ̀ lábàrá, ó ní bátìrì ni. Naimat ò wo ẹ̀rọ. Èmi ló ń wò. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, ó fa ìborùn rẹ̀ bo inú rẹ̀ ní apá ibi tí mo jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, níbi iṣẹ́, mo ní kí Ìbùkún bá mi wá ilé mìíràn. Ó yà á lẹ́nu. Ó bi mí pé kí ló ṣe èyí tí mo wà.

Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní ọmọ kan ń bọ̀ níbẹ̀, kò sì ní wá bí èmi tí mo ti mọ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá wà ńlé.